Etí Yín Ni Wọ́n Kọ́kọ́ Rí Lára Ọmọ Mi

Bàbá mi, Bàbá Olómi,

Okun o. Mo mọ̀ pé bí ẹ bá wà níbí ni, ẹ̀yin lẹ ó kọ́kọ́ kí mi, torí ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣáájú yín kí èèyàn, ìbáà ṣe ọmọdé. Orí àga yín ni mo jókòó sí, èyí tí wọ́n fi okùn hun tí ẹ máa ń gbé síwájú ilé ní Karaworo níbí. Okùn rẹ̀ kan ti já lápá òsì. Mi ò jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe, torí ibẹ̀ lẹ máa ń ki ìka bọ̀ bí ẹ bá ń ronú. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Ọmọ mi ń sùn lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Kò bá yín láyé. Ìbùkún lorúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo bí i, wọn ò tíì wẹ̀ ẹ́ tán tí nọ́ọ̀sì fi ń rẹ́rìn-ín sí etí rẹ̀. Nígbà tí Màmá wa dé, wọn ò dúró gba ìkíni tí wọ́n fi figbe ta.

"Ha! Etí Bàbá Olómi rè é! Olúwa mi, ẹ wò ó bó ṣe nà síta bí ewé kókò!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sunkún, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó wọ ilé yìí tí kì í kọ́kọ́ fa etí ọmọ náà. Wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ kì í parọ́. Wọ́n á ní àrólé yín dé. Inú gbogbo wọn a máa dùn. Àyà tèmi ló máa ń já, Bàbá mi, torí mo ti wá mọ̀ pé etí nìkan kọ́ ni ẹ̀jẹ̀ ń rù kiri.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ mú mi lọ sí Paparanda? Ọ̀pá omi kan ti bẹ́ lábẹ́ ilẹ̀. Àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ omi ti gbẹ́ ibi tí omi ti ń ru jáde títí, wọn ò rí nǹkan kan. Ẹ ṣí fìlà yín, ẹ ní kí n dì í mú. Ẹ fi ọ̀pá irin yín gúnlẹ̀, ẹ kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ẹ wá fi etí ti orí irin náà. Ẹ gbọ́wọ́ sókè, gbogbo èèyàn sì dákẹ́, títí kan àwọn ọlọ́kadà. Ẹ sún síwájú, ẹ tún fetí tì í. Nígbà tó yá, ẹ fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀ níwájú ilé kan tí ibẹ̀ gbẹ táútáú. Àwọn kan ń fi yín rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbẹ́ ibẹ̀, omi sì tú sí wọn lójú. Nígbà tí à ń bọ̀ nílé ẹ sọ fún mi pé omi kì í yọ níbi tó ti bàjẹ́, ibi tó bá ti ráyè ló ti ń yọ. Ọmọdé ni mí. Iṣẹ́ yín ni mo rò pé ẹ ń sọ.

Torí iṣẹ́ yẹn lẹ ṣe mọ gbogbo ilé nílùú yìí. Ìdí sì nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ọmọ ẹnikẹ́ni nínú àwa ará Okun bá fẹ́ gbéyàwó tàbí relé ọkọ, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ń gbé orúkọ ìdílé kejì wá, kí ẹ bá wọn wádìí. Ẹ ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun yín, ẹ ó lọ. Bí ẹ bá dé ilé onílé, ẹ ó ṣí fìlà, ẹ ó gba omi mu, ẹ ó sọ̀rọ̀ àgbàdo àti òjò, kí ẹ tó wá béèrè. Ṣé wárápá wà níbẹ̀? Wèrè ńkọ́? Ẹ̀tẹ̀ ńkọ́? Ṣé ọwọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ mọ́? Nígbà tójú là sí i, ẹ fi jínótáìpù kún un, ẹ sì máa ń sọ pé ẹni tí kò bá mú ìwé ẹ̀jẹ̀ wá kò tíì fẹ́ ìyàwó. Àwọn ìyá tó bímọ láìsí fòníkú-fọ̀ladìde nílùú yìí lónìí pọ̀ tí wọn ò mọ̀ pé ẹ̀yin ló yẹ kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ṣùgbọ́n àwọn bàbá lẹ máa ń bi, Bàbá mi. Pálọ̀ lẹ máa ń jókòó sí. Mi ò rántí ọjọ́ kan tí ẹ yà sí ilé ìdáná láti bi àwọn obìnrin léèrè.

Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ mú bírò nìyẹn.

Ẹ ò mọ bí inú ṣe ń run mí tó. Ilé ẹ̀kọ́ tí à ń gbé inú rẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nǹkan oṣù. Mátírọ̀nù á fún mi ní oògùn, á ní kí n yéé ṣe bí ọmọ ìkókó, pé gbogbo obìnrin ló ń jẹ ìyà rẹ̀. Bí mo bá wálé fún họlidé, Màmá wa á ní kí n má jẹ̀ẹ́ kí ẹ gbọ́. Nígbà tí mo délé ọkọ ló wá di ohun tí mi ò lè fi pamọ́ mọ́. Bí oṣù bá dé, bí ẹni ń fi ọ̀bẹ ha inú mi ni. Lílọ sí ilé ìyàgbẹ́ gan-an di ìyà. Oyún ò dúró, kò tilẹ̀ wá. Ìyá ọkọ mi kì í ṣe èèyàn búburú, ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n wọn ò lè pa á mọ́ra. Lọ́jọ́ kan tí mo dùbúlẹ̀ tí mo ń làágùn, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó wa, a ṣáà wádìí. Bàbá yín fẹnu ara wọn sọ pé ilé yín mọ́. Àbí ewo ni ti èyí?"

Ilé ìdáná ni mo wà lọ́jọ́ tí wọ́n wá wádìí mi, tí mo ń da ẹ̀pà sínú àwo. Mo gbọ́ yín. Ẹ ní, "Ilé wa mọ́. Ẹ lọ dùbúlẹ̀ kí ẹ sùn." Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Ohùn yín dùn mọ́ mi.

Lọ́dún tí ẹ kú, ilẹ̀ sàréè yín ò tíì gbẹ, ni bàbá Ìbùkún mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà obìnrin kan, ọmọ Ebira, tó máa ń sọ Yorùbá bí ẹni ń gé iṣu. Kò pe ìrora mi ní àṣejù. Wọ́n dá ihò kékeré sí ìdodo mi, wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń yàwòrán wo inú mi. Ó ní àìsàn mi ni wọ́n ń pè ní ẹndomẹtiríósísì. Mo ní kó tún un pè. Ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu lórí orúkọ. Ó ní awọ kan wà tó tẹ́ inú ilé ọmọ, òun ló ń bọ́ dànù lóṣooṣù. Lára tèmi, ohun tó jọ awọ yẹn ń hù síta ilé ọmọ, lára ìfun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹyin ń gbé. Bí oṣù bá dé, ti inú á rọ́nà jáde, ti ìta ò ní rí. Á máa ṣẹ̀jẹ̀ síbẹ̀, á máa wú, á máa lẹ ohun tí kò yẹ kó lẹ̀ pọ̀ mọ́ra.

Ẹ̀yin ni mo rántí, Bàbá mi, lórí ìkúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ Paparanda.

Dókítà wá ń bi mí nípa ẹbí. Ó ní ìyá mi ńkọ́? Mo ní rárá, nǹkan oṣù ìyá mi máa ń wá ó sì máa ń lọ bí àlejò tó mọ̀wàá hù. Àbúrò mi obìnrin ńkọ́? Mo ní Bọ́sẹ̀ máa ń ké, ṣùgbọ́n a rò pé àkẹ́jù ni. Ó wá ní, àwọn àbúrò bàbá mi lóbìnrin ńkọ́? Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ló kan bàbá mi nínú ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù?

Ó wò mí. "Bàbá ẹ náà ló bí ẹ, àbí wọ́n kàn gbà ẹ́ tọ́ ni?"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu mi. Ìgò yín kan ló sọ sí mi lọ́kàn.

Ìgò aláwọ̀ ewé onígun mẹ́rin tí ẹ máa ń fi pamọ́ sẹ́yìn àpótí irinṣẹ́ yín. Màmá Rúùtù, àbúrò yín tí Rúùtù jẹ́ orúkọ àwọn fúnra wọn: nígbà tí ọkọ dá wọn padà sílé torí pé wọn ò bímọ, yàrá ẹ̀yìn lẹ fún wọn. Bí ọjọ́ kan bá ti pé lóṣooṣù, àbúrò yín yìí á dùbúlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á ká orúnkún mọ́ àyà, wọ́n á máa mí bí ẹni tó sáré. Wọ́n á ní kí àwa ọmọdé lọ ṣeré níta. Ẹ ó dé láti ibi iṣẹ́, ẹ ò ní béèrè nǹkan kan. Ẹ ó gbé omi kaná fúnra yín, ẹ̀yin tí ẹ kì í wọ ilé ìdáná. Ẹ ó kọ́kọ́ da omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú ìgò náà, ẹ ó mì ín, ẹ ó dà á nù, kí ó má baà sán, kí ẹ tó wá rọ èyí tó gbóná sí i. Ẹ ó dé e, ẹ ó fi aṣọ kákí iṣẹ́ yín tó ti gbó wé e. Ẹ ó gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí ẹni gbé ọmọ tó sùn kalẹ̀, ẹ ó sì jáde. Mo rí gbogbo rẹ̀. Mo rò pé inú rírun lásán ni.

Dókítà ṣàlàyé fún mi pé kì í ṣe bíi ti jínótáìpù, tí èèyàn á so ti bàbá pọ̀ mọ́ ti ìyá kó sì mọ ohun tó máa bí. Ó ní kò tíì sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó lè sọ fún ọmọ pé wàá ní in tàbí o ò ní ní in. Nǹkan kéékèèké tí à ń jogún ló pọ̀ nínú ẹ̀, ti ẹbí bàbá, ti ẹbí ìyá, kálukú ń da díẹ̀ tirẹ̀ sínú ìkòkò kan náà, bí ara kálukú ṣe rí àti bó ṣe ń gbé ayé náà sì tún ń da tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè mú ẹyọ kan pé ìwọ lo bà á jẹ́. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé bí ó bá wà lára ẹbí tó sún mọ́ èèyàn, ó ṣeé ṣe kó kàn án ju ẹlòmíì lọ. Kì í ṣe dandan. Kì í ṣe èpè. Kì í ṣe iṣẹ́ aráyé. Mo bi í bóyá ọkùnrin lè gbé e láìmọ̀. Ó ní kí ló dé tí kò ní lè gbé e, ṣebí kò nílé ọmọ tó máa fi mọ̀.

Ẹ̀yin, Bàbá mi. Ẹ̀yin tí ẹ ò ṣe nǹkan oṣù rí láyé yín. Ó gba ara yín kọjá, kò fọwọ́ kàn yín. Ọ̀pá kì í mu omi tó ń gba inú rẹ̀ lọ.

Wọ́n tọ́jú mi, wọ́n kó èyí tí wọ́n lè kó kúrò nínú mi, Ọlọ́run sì fi Ìbùkún dá mi lọ́lá. Ìrora náà dínkù, kò lọ. Nígbà tí wọ́n sọ fún mi pé obìnrin ni mo bí, mo yọ̀, àyà mi sì já. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Bí mo bá ń yí aṣọ rẹ̀, màá máa wo ikùn rẹ̀ kékeré bí ẹni ń wo ojú ọ̀run lásìkò òjò. Ọkọ mi ní kí n yéé wá ọ̀fọ̀ kiri. Ṣùgbọ́n ta ló ń wo tèmi nígbà náà?

Nígbà tó lè jókòó dáadáa, mo pọ̀n ọ́n, a gun ọ̀kadà lọ sí Agbaja láti rí Màmá Rúùtù. Wọ́n ti padà sí abúlé yín lórí òkè níbẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú yín. Ẹ mọ ọ̀nà yẹn, kò tíì yí padà, ekuru pupa rẹ̀ wọ inú eyín mi. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n fa etí Ìbùkún, wọ́n pariwo orúkọ yín. Mo dúró kí ariwo náà rọlẹ̀.

"Màmá, inú tó máa ń run yín nígbà yẹn, ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Inú èwo? Ta ló rán ẹ wá?"

"Èmi ni mo rán ara mi. Ó ń ṣe èmi náà."

Wọ́n gbé atẹ ẹ̀wà kúrò lórí ẹsẹ̀. Wọ́n wò mí pẹ́.

"Bàbá rẹ tó ń wádìí gbogbo ayé," wọ́n ní, "kò bi mí rí. Títí ó fi kú. Ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa bi mí."

Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ fún mi láìtijú. Wọ́n wá mú mi lọ sẹ́yìn ilé, wọ́n fi àpáta pẹrẹsẹ kan hàn mí, irú àwọn tó wúwo tó sì pupa bí irin tó dípẹtà.

"Orí eléyìí ni ìyá wa máa ń dojú bolẹ̀ sí ní ọ̀sán. Òkúta yìí máa ń gba oòrùn sára ju ilẹ̀ lọ. Wọ́n á fi ikùn lé e. Wọ́n máa ń sọ fún àwa ọmọ pé àdúrà ni àwọn ń gbà. Bàbá rẹ pàápàá ṣì kéré nígbà náà. Òun ló máa ń fi igbá gbé omi mímu lọ bá wọn. Á gbé e kalẹ̀, á sì sá lọ."

Mo gbọ́wọ́ lé àpáta náà. Ó gbóná lóòótọ́. Mo dúró níbẹ̀ títí Ìbùkún fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lẹ́yìn mi. Ìyá yín, àbúrò yín, èmi, àbúrò mi. Ẹ̀yin sì wà láàárín gbogbo wa, pẹ̀lú igbá omi lọ́wọ́.

Ṣé ẹ mọ̀? Ìbéèrè tí ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn. Nígbà tí ẹ sọ fún àwọn ẹbí ọkọ mi pé ilé wa mọ́, ṣé ìgò yẹn ò sọ sí yín lọ́kàn? Ẹ kì í parọ́. Àbí ohun tí obìnrin ń jẹ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kì í ṣe àrùn, torí kò ní orúkọ tí wọ́n lè fi bi yín ní pálọ̀?

Ọ̀rọ̀ Bọ́sẹ̀ ló wá kàn báyìí. Ó rí ọkọ. Káyọ̀dé lorúkọ ọmọ náà, ará Kábbà ni, olùkọ́ ni, ó máa ń rẹ́rìn-ín kí ó tó parí ọ̀rọ̀. Nígbà tí mo gbọ́ pé àwọn ẹbí rẹ̀ ń bọ̀ wá wádìí wa, mo pe Bọ́sẹ̀ sí yàrá, mo sọ gbogbo ohun tí dókítà sọ àti ohun tí mo rí ní Agbaja. Mo ní kó lọ ṣàyẹ̀wò, kó sì sọ fún ọkọ rẹ̀. Ó sunkún.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wádìí tán kí wọ́n lọ ná. Ẹ̀yin ti wà nílé ọkọ, ẹ ti bímọ. Bí ẹ bá lanu, wọ́n á ní ilé wa ní àrùn. Ta ló máa fẹ́ mi?"

Kí ni ǹ bá sọ? Bí mo bá sọ ọ́, ó lè pàdánù ọkọ tó wù ú. Bí mo bá dákẹ́, yóò wọ ilé àwọn ará Kábbà bí mo ṣe wọlé tèmi, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà wò ó níbi tó ti ń làágùn. Àti pé lọ́jọ́ iwájú, bí wọ́n bá wá wádìí Ìbùkún, ta ló máa sọ ọ́ bí àwa ò bá sọ ọ́? Mo ṣèlérí fún un pé mi ò ní fi ẹnu mi tú àṣírí rẹ̀. Mo fi yín búra.

Wọ́n dé lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ̀gbọ́n bàbá Káyọ̀dé ni, bàbá kan tó ga tó sì gbẹ, àti àbúrò wọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Dọ́káàsì. Bàbá Kékeré, àbúrò yín, ló dúró gẹ́gẹ́ bí baba wa. Wọ́n fẹ́ ṣe gbogbo rẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń ṣe é. Wọ́n tilẹ̀ ṣí fìlà. Àwọn àlejò bi ti wárápá, Bàbá Kékeré dáhùn. Wọ́n bi ti wèrè.

"Wèrè kan ṣoṣo tó wà níbí ni èmi, bí ebi bá ń pa mí," ni Bàbá Kékeré wí, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín.

Wọ́n ka ìwé jínótáìpù àwọn ọmọ méjèèjì. Ó dára. Bàbá Kékeré wá na ẹsẹ̀, wọ́n ní, "Ilé wa mọ́. Ẹ lọ dùbúlẹ̀ kí ẹ sùn." Bí ohùn yín gẹ́lẹ́, Bàbá mi. Bí ẹni pé ẹ wà lẹ́yìn wọn.

Mo ń gbé mọ́ọ̀tì wọlé lọ́wọ́, Ìbùkún wà ní ìbàdí mi. Ìyá Dọ́káàsì na ọwọ́, wọ́n gba ọmọ náà lọ́wọ́ mi, wọ́n wo àwòrán yín lára ògiri, wọ́n tún wo ọmọ.

"Ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹ wá wo etí! Etí olóògbé rè é láìku ẹyọ kan. Ẹ̀jẹ̀ yín lágbára o."

Mi ò pète rẹ̀. Ẹnu mi ló là.

"Ẹ̀jẹ̀ lágbára lóòótọ́, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó náà ń wádìí ọkọ, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Nílé tiyín, báwo ni nǹkan oṣù ṣe máa ń ṣe àwọn obìnrin?"

Bàbá Kékeré wúkọ́ títí mọ́ọ̀tì fi yọ ní imú wọn. Bàbá tó gbẹ náà gbé ife kalẹ̀.

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ọkùnrin wà níjòókòó."

"Ẹ má bínú, Bàbá," ni mo wí. "Ọkùnrin náà lọ́mọbìnrin."

Ìgbà náà ni kọ́tíìnì ṣí, Bọ́sẹ̀ sì jáde wá. Ó ti sunkún, ó ti nu ojú. Ó kúnlẹ̀ láàárín pálọ̀.

"Èmi ló ń ṣe," ó ní. "Ó ń ṣe Àǹtí mi náà, àti àbúrò bàbá mi. Inú máa ń run mí débi pé mi ò lè dìde. Dókítà ní ó máa ń wà nínú ẹbí. Mi ò tíì lọ ṣàyẹ̀wò. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mi ò fẹ́ kí n délé yín tán kí ẹ tó mọ̀."

Ìyá Dọ́káàsì gbé Ìbùkún lé èjìká, wọ́n tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ohùn wọn lọ sílẹ̀.

"Ta ló ń bá ọ gbé omi kaná?"

Bàbá mi, ẹni tó mọ̀ nìkan ló lè bi irú ìbéèrè yẹn.

Bọ́sẹ̀ ní, "Bàbá mi ni. Kí wọ́n tó kú. Wọn kì í sọ nǹkan kan. Wọ́n á rọ ọ́ sínú ìgò, wọ́n á fi aṣọ kákí wé e, wọ́n á gbé e síwájú ilẹ̀kùn mi, wọ́n á kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á lọ."

Mi ò mọ̀ rí. Mo ti wà nílé ọkọ nígbà yẹn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí mo wà.

Ìyá Dọ́káàsì yíjú sí ẹ̀gbọ́n wọn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Dọ́káàsì ọmọ mi ń jẹ ẹ́. Ilé yín ló ń gbé, yàrá tó kángun sí tiyín ló ti ń pọ̀ọ̀kà ikú. Ẹ ní ọ̀lẹ ni."

Bàbá náà dìde, wọ́n ní àwọn á gbé ọ̀rọ̀ náà délé. Wọn ò mu mọ́ọ̀tì wọn tán. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí jù mí lọ.

Títí di òní, a ò tíì gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu bàbá náà. Wọn ò tíì dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Bàbá Kékeré ò bá mi sọ̀rọ̀, wọ́n ní mo fi ìdí ilé han àlejò. Màmá wa ń gbààwẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá Dọ́káàsì pè mí lórí fóònù pé àwọn fẹ́ mọ ibi tí dókítà yẹn wà, àwọn fẹ́ gbé ọmọ wọn wá. Káyọ̀dé pàápàá wá fúnra rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó jókòó ti Bọ́sẹ̀ níwájú ilé níbí. Nígbà tó fẹ́ lọ ni mo gbọ́ tó ń bi í bóyá omi náà gbọ́dọ̀ hó, tàbí kó kàn gbóná. Bọ́sẹ̀ ní kó kọ́kọ́ fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ṣan ìgò, kó má baà sán. Mi ò mọ̀ bóyá ó máa fẹ́ ẹ. Mo mọ̀ pé wọ́n jọ ń lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Mo ti yéé bínú sí yín, Bàbá mi. Mo bínú fún ìgbà pípẹ́ díẹ̀. Mo wá rí i pé ẹ gbọ́. Ẹ gbọ́ láti kékeré, látorí àpáta yẹn. Ẹ gbọ́ ibi tó ti ń jò, ẹ sì ń gbé omi lọ síbẹ̀ títí ẹ̀mí yín fi bọ́. Ọ̀rọ̀ ni ẹ ò rí fi ha ilẹ̀ pé ibí ni, ẹ gbẹ́ ibí. Bí ẹ bá ti sọ ọ́ ni, ǹjẹ́ ìyá ọkọ mi ìbá ti mọ ohun tó ń ṣe mí? Ǹjẹ́ ọkọ Màmá Rúùtù ìbá ti dá wọn padà? Ẹ ò lè dá mi lóhùn, mo mọ̀.

Mo ti mú ìgò náà lọ sílé mi. Aṣọ kákí yín ṣì ń rùn bí irin tútù. Ó lè má kan Ìbùkún. Dókítà ti sọ bẹ́ẹ̀, mo sì ń gbé e sínú àdúrà ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá kàn án, kò ní dùbúlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì kí wọ́n máa lé àwọn ọmọdé jáde. Kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà nílé ọkọ. Èmi ni màá sọ ọ́ fún un, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, kí ó tó dé: pé ìyá bàbá mi jẹ ẹ́, àbúrò bàbá mi jẹ ẹ́, èmi àti àbúrò mi jẹ ẹ́, bàbá mi sì ń rọ omi.

Ó ti jí. Ó ń wo ẹnu mi bí mo ṣe ń ka ohun tí mo kọ sókè. Ó da orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹ ṣe máa ń da tiyín sórí irin. Etí náà tó gbọ́rọ̀, Bàbá mi. Màá sọ̀rọ̀ sí i.

Ẹ sùn dáadáa. Ìfẹ́ yín ò tutù lọ́wọ́ mi.

Èmi ni,
àkọ́bí yín, ìyá Ìbùkún tó gbé etí yín wá.